Imú Náà Mọ Ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ, nípa bí imú ṣe ń bá ọpọlọ mọ ọ̀nà, níbi ìpàdé oṣù àwa ọmọ Yorùbá ní Kubwa, Àbújá, ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Àwọn tí kò ráàyè wá ló ní kí n kọ ọ́. Mo yọ díẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, mo sì fi ìbéèrè kan tí wọ́n bi mí nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán kún un.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ sì kú ooru. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ti Mararaba wá, ẹlòmíràn ti Lugbe wá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ kò sì jẹ́ kí ojú yín ríbi sinmi. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí wọ́n mú mi láti Òṣogbo wá sí Kánò, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń ta aṣọ ní Sábọ̀n Gàrí. Aláró ni ìyá tó bí màmá mi. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé nítòsí ilé aláró rí ẹ mọ òórùn tí mò ń sọ: ewé elú tó ti kan nínú ìkòkò, omi eérú tó ń sun, òórùn tó ń lẹ̀ mọ́ aṣọ, mọ́ irun, mọ́ ìrọ̀rí. Inú rẹ̀ ni mo ń sùn, inú rẹ̀ ni mo ń jí. Nígbà tí mo wà ní Òṣogbo, n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ilé wa ní òórùn kankan.

Kò tíì pé oṣù kan tí mo dé Kánò tí èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi jọ lọ sí ọjà Kurmi, láàárín ìlú àtijọ́. Ó ní kí n dúró níwájú ìsọ̀ kan kí òun fi yá lọ ra nǹkan. Mo dúró títí, n kò rí i. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀nà inú Kurmi tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yí síbí, ó ń yí sọ́hùn-ún, ògiri amọ̀ kan jọ èkejì. Haúsá tí mo gbọ́ nígbà náà kò ju "nawa ne" (èló ni) lọ. Ẹkún ti dé mi lẹ́nu. Ìgbà náà ni atẹ́gùn gbé òórùn kan wá bá mi. Aró ni. Ó kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú, nítorí kí ni aró ìyá àgbà mi ń wá ní Kánò? Mo dúró sójú kan. Mo fa imú, mo yí orí sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ ọ́. Bí ó bá ti fẹ́ pòórá, mo padà sẹ́yìn. Bí ó bá ti ń le sí i, mo tẹ̀ síwájú. Bí mo ṣe já sí Kofar Mata nìyẹn, ẹnu bodè àtijọ́ kan ní Kánò, níbi tí àwọn ihò aró wà, tí wọ́n ní ó ti wà láti 1498. Ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú dé ìgúnpá, bí ti ìyá àgbà mi gẹ́lẹ́, rí ojú mi. Èmi kàn ń wí pé "Sábọ̀n Gàrí, Sábọ̀n Gàrí." Ó dì mí lọ́wọ́ mú, ó mú mi gba ẹnu bodè jáde, ó sì nawọ́ sí títì tí mo máa tọ̀.

Láti ìgbà náà, mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ọpọlọ, mo sì ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní apá Àríwá yìí, ṣùgbọ́n ìrìn ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ṣì máa ń padà sí. Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín lónìí ni pé ọpọlọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú nìkan kọ́ la fi ń mọ ọ̀nà. Ibi tí ọpọlọ ti ń mọ òórùn àti ibi tó ti ń mọ ibi tí a dúró sí, agbo ilé kan náà ni wọ́n wà, ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù wọn sì kọjú síra.

Ẹ jẹ́ kí a ti ihò imú bẹ̀rẹ̀. Òórùn jẹ́ èérún tó kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ, tó bọ́ lára nǹkan tí atẹ́gùn sì gbé. Lókè pátápátá nínú imú, awọ kan wà tó máa ń tutù, tí sẹ́ẹ̀lì tó ń mú òórùn sì pọ̀ nínú rẹ̀ lọ súà. Ní 1991, Linda Buck àti Richard Axel ní Amẹ́ríkà ṣàwárí àwọn jíìnì (àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó ń ṣe ohun tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí fi ń gbá òórùn mú, èyí tó mú kí wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel ní 2004. Oríṣi ohun náà tó ń ṣiṣẹ́ lára ènìyàn tó nǹkan bí 400. Ti eku lé ní 1,000. Ẹ má rò pé oríṣi kan wà fún òórùn irú, òmíràn fún òórùn sùyà. Bí ìlù dùndún ló rí: ìyáàlù ń sọ tirẹ̀, gúdúgúdú ń sọ tirẹ̀, kẹríkẹrì ń gbè é, àpapọ̀ wọn lẹ fi mọ orin tí wọ́n ń lù. Oríṣi kan náà lè dún nínú òórùn irú, kó tún dún nínú òórùn awọ ẹran, ṣùgbọ́n àwọn tó bá a dún yàtọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó máa ń yà mí lẹ́nu títí di òní. Ohun tí ojú rí, ohun tí etí gbọ́, ohun tí awọ ara mọ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ibì kan láàárín ọpọlọ tí à ń pè ní thalamus kọjá, bí àlejò tó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá dògárì sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà ààfin kó tó rí ọba. Òórùn kì í dúró lọ́dọ̀ dògárì. Láti imú, ó bọ́ sínú kókó kékeré méjì tó wà lábẹ́ iwájú orí ọpọlọ, ó sì tibẹ̀ wọ inú ilé tààrà. Apá kan gba ibi tí wọ́n ń pè ní piriform lọ, ibẹ̀ ni a ti ń mọ òórùn wo ni. Apá kan lọ sí amygdala, níbi tí ẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé. Apá kan sì lọ sí entorhinal, tó jẹ́ ilẹ̀kùn hippocampus, ilé ìrántí wa. Ìdí nìyí tí òórùn ọṣẹ ìyá ẹni fi lè mú omi bọ́ lójú ẹni kí a tó mọ ohun tó ṣe wá.

Hippocampus yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ ọ̀nà já lé lórí. Ní 1971, John O'Keefe àti Jonathan Dostrovsky ní Lọ́ńdọ̀nù sọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín tẹ́tí sí sẹ́ẹ̀lì inú hippocampus eku tó ń rìn kiri. Sẹ́ẹ̀lì kan á dákẹ́ jẹ́ẹ́, àfi tí eku bá dé igun kan pàtó, ló bá di pé ó ń dún kíkankíkan. Òmíràn ń dún ní igun mìíràn. Bí ẹ bá kó gbogbo wọn pọ̀, àwòrán ilẹ̀ ibi tí eku wà ló wà lọ́wọ́ yín. Ní 2005, May-Britt Moser àti Edvard Moser pẹ̀lú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Nọ́wè tún rí àwọn sẹ́ẹ̀lì mìíràn, nínú entorhinal, tí wọ́n ń dún ní àwọn ojú ibi tó tò tẹ̀léra bí ihò afárá oyin, bí ẹni pé ọpọlọ ta okùn wọn ilẹ̀. Àwọn mẹ́ta, O'Keefe àti àwọn Moser méjèèjì, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014.

Ẹ kíyè sí orúkọ yẹn: entorhinal. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ń wọn ilẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì ń gba òórùn. Méjèèjì ń da ohun tí wọ́n mú bọ̀ sínú hippocampus.

Ẹnì kan lè sọ pé ojú ni eku fi ń rìn, òórùn kàn tẹ̀lé e ni. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n dán èyí wò, wọ́n sì sọ àbájáde rẹ̀ ní 2000. Wọ́n pa iná níbi tí eku ti ń rìn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ń mọ ibi kò ṣìnà nínú òkùnkùn. Wọ́n wá pa iná, wọ́n tún fọ ilẹ̀, tí òórùn ẹsẹ̀ àti ìtọ̀ eku náà fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwòrán ilẹ̀ náà dàrú mọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà lọ́wọ́. Ilẹ̀ tí eku ti fi òórùn ara rẹ̀ sàmì sí ló fi mọ̀ pé ibí ni mo wà.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni èyí tí Cindy Poo, Zachary Mainen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe ní Lisbon, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2021. Wọ́n ṣe oríta ọlọ́nà mẹ́rin kan fún eku. Ní ìparí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, ihò kan wà tí eku lè ki imú bọ̀. Òórùn mẹ́rin ló wà, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tọ́ka sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí eku bá gbóòórùn àkọ́kọ́, omi wà ní ìparí ọ̀nà àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ ti kejì, omi wà ní ti kejì. Ibi yòówù tí eku ti gbóòórùn náà, ibi tí òórùn tọ́ka sí kò yí padà. Nítorí náà, kò lè kàn há a sórí pé "yà sọ́tùn-ún." Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà, kó mọ òórùn tó gbọ́, kó fi méjèèjì ṣe ìṣirò, kó tó mọ ibi tí òun ń lọ.

Wọ́n tẹ́tí sí piriform, ibi tí gbogbo wa ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣẹ́ òórùn nìkan ló ń ṣe. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan dún fún òórùn bí a ṣe retí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn ń dún fún ibi. Bí eku bá dé ọ̀nà kan, wọ́n á dún, òórùn yòówù kó wà níbẹ̀. Àwòrán ilẹ̀ ti wọ inú yàrá òórùn! Nígbà tí mo kà á, mo dìde lórí ìjókòó. Ọgbọ́n inú rẹ̀ sì nìyí: àwọn sẹ́ẹ̀lì náà kò sàmì sí gbogbo ilẹ̀ bákan náà. Ibi tí eku ti ń gbóòórùn àti ibi tó ti ń rí omi mu ni wọ́n sàmì sí jù. Ibi tó ní ìtumọ̀ fún un ni.

Ẹ̀yin náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bi gbogbo ilé nígbà náà pé: ẹ wọ ọkọ̀ òru láti Ìbàdàn, ẹ ti sùn lọ, ojú yín ṣì dì, ọsàn àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà wá gba fèrèsé wọlé. Níbo lẹ dé? Gbogbo wọn pariwo: "Zuba!", ọjà èso tó wà lẹ́nu Àbújá. Kò sẹ́ni tó ní òun máa kọ́kọ́ la ojú. Bàbá kan tún fi kún un láti ẹ̀yìn pé bí òun bá gbọ́ òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, òun mọ̀ pé Dei-Dei nìyẹn, kí òun palẹ̀ ẹrù mọ́. Wákàtí mẹ́wàá ọ̀nà ni ọkọ̀ yẹn gbà kọjá, àwọn ibi díẹ̀ tó kàn yín sì ni imú fi sàmì.

Mo wá fẹ́ padà sí ọ̀rọ̀ aró mi, nítorí ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí mo gbé sínú fún ọdún pípẹ́. Kí ló dé tó fi dá mi dúró? Ní Òṣogbo, òórùn yẹn kì í ní kí n yíjú.

Ní 2018, Afif Aqrabawi àti Junchul Kim ní Yunifásítì Toronto, ní Kánádà, tú u fún wa. Wọ́n wo okùn iṣan kan tó ti hippocampus lọ sí apá kan ọpọlọ tó ń jẹ́ anterior olfactory nucleus, tó wà lẹ́yìn àwọn kókó òórùn tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Bí ara eku bá pé, òórùn tó ti gbọ́ rí kì í fi bẹ́ẹ̀ wù ú gbọ́ mọ́. Tuntun ló ń wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé òórùn tó mọ̀ lọ sí ibi tí kò ti bá a pàdé rí, ó máa dúró, á sì máa fa imú sí i bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ lọ́jà ìlú mìíràn. Àwọn olùwádìí náà wá dí okùn iṣan yẹn. Eku ṣì ń gbóòórùn, imú rẹ̀ kò ní nǹkan kan ṣe. Ohun tó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ ni ibi àti ìgbà. Òórùn tó ti gbọ́ níbẹ̀ lánàá, ó tún padà lọ ń gbọ́ ọ bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ayé.

Nígbà náà ni mo mọ ohun tó ṣe mí ní Kurmi. Kì í ṣe òórùn aró nìkan ni ọpọlọ mi fi pamọ́. Ó fi aró pamọ́ pẹ̀lú Òṣogbo, pẹ̀lú àgbàlá ìyá àgbà, pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Nígbà tí aró dé láìsí Òṣogbo, àkọsílẹ̀ inú orí mi kò bá ilẹ̀ mu, ara mi sì dìde láti lọ wádìí. Ohun tí a ti mọ̀, tó wá yọ níbi tí a kò mọ̀, ni ó lé ẹ̀rù lọ tó sì fún ẹsẹ̀ mi ní agbára.

Ẹlòmíràn lè ní eku ni wọ́n ń sọ. Ènìyàn náà wà níbẹ̀. Ní Berkeley, ní Amẹ́ríkà, wọ́n na okùn tó ní òórùn ṣokoléètì sórí koríko ní gígùn mítà 10, wọ́n di ojú àwọn ènìyàn, wọ́n dí etí wọn, wọ́n ní kí wọ́n rá kòrò tọ òórùn náà. Ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló tọ̀ ọ́ dópin. Nígbà tí wọ́n fi nǹkan dí ihò imú kan, iṣẹ́ náà nira sí i. Ihò méjèèjì ló wúlò fún mímọ ẹ̀gbẹ́ tí òórùn ti ń wá, gẹ́gẹ́ bí etí méjì ṣe rí. 2007 ni wọ́n tẹ èyí jáde. Ní Montreal, àwọn onímọ̀ mìíràn dán ènìyàn 57 wò, wọ́n sì sọ èsì rẹ̀ ní 2018: àwọn tó mọ òórùn dárúkọ dáadáa ni wọ́n tún mọ ọ̀nà jù nínú ìlú tí wọ́n yà sínú kọ̀ǹpútà. Hippocampus wọn ní apá ọ̀tún sì tóbi ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ jẹ́ kí n yà bá òkété díẹ̀, nítorí inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹranko tí àwa ń yan jẹ, tí à ń fi ata sè, ojú rẹ̀ kò múná, òru ló sì ń jẹ. Ní Tànsáníà, àjọ APOPO ń kọ́ ẹbí rẹ̀ láti máa fi imú wá àdó olóró tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, ṣiṣẹ́ ní Kàmbódíà, ó rí àdó olóró àti ohun abúgbàù tó lé ní 100, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ góòlù dá a lọ́lá ní 2020. Nígbàkígbà tí mo bá rántí Borno àti àwọn oko tí àgbẹ̀ kò lè wọ̀ mọ́, òkété yẹn ni mo máa ń rò.

Ó ku apá kan tó le, n kò sì fẹ́ fi í pamọ́. Entorhinal yìí, ilẹ̀kùn ilé ìrántí, wà lára ibi tí àrùn Alzheimer, tó ń mú àgbàlagbà gbàgbé nǹkan, kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Anterior olfactory nucleus tí mo sọ náà kì í pẹ́ fara gbọgbẹ́. Nítorí náà, òórùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú mọ́ àgbàlagbà lọ́wọ́ ní ọdún bíi mélòó kan kó tó máa gbàgbé orúkọ ọmọ. Àwọn tó yí i ká kì í mọ̀, torí kò sẹ́ni tó ń bi bàbá rẹ̀ pé ẹ ṣì ń gbóòórùn bí? Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀rù ka ara yín láya. Kàtá, eruku ọyẹ́ tó ń fẹ́ níhìn-ín, àrùn Kòrónà, ọjọ́ orí lásán, gbogbo wọn ló lè mú òórùn lọ. Ohun tí mo ń ṣọ́ ni kí méjèèjì jọ dé: kí òórùn máa lọ, kí ọ̀nà tí ẹni náà ti ń rìn láti ọjọ́ pípẹ́ sì máa rú u lójú.

Ibẹ̀ ni mo dákẹ́ sí. Ìyá kan láti Lugbe dìde, ó ní: "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ìyá ọkọ mi wà lọ́dọ̀ wa, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀wà jóná lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, èéfín gba gbogbo ilé, wọ́n kàn jókòó síbẹ̀ ni, wọ́n ń ká ẹsẹ̀ aṣọ wọn. Lóru, wọ́n ń wá ilé ìtọ̀, yàrá àwọn ọmọ ni mo ti ń bá wọn. Mo rò pé wọ́n kàn ń dàgbà ni."

Mo ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ẹ má jẹ́ kó di ìjà láàárín ẹ̀yin àti ọkọ yín. Ẹ gbé màmá lọ sí ilé ìwòsàn. Kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ihò imú wọn wò, bóyá nǹkan kan ló dí i. Lẹ́yìn náà, kí dókítà tó mọ̀ nípa ọpọlọ rí wọn, kí ẹ sì sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà yẹn fún un bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ má ṣí àga àti ibùsùn nípò nínú ilé. Ẹ tan iná kékeré sí ọ̀nà ilé ìtọ̀ lóru." Mo wá rántí nǹkan kan. Mo bi í pé, "Kí lẹ fi ń dáná?"

Ó ní gáàsì ni.

Gáàsì ìdáná fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Èròjà kan ni wọ́n ń pò mọ́ ọn kó lè máa rùn, kí imú lè kìlọ̀ fún wa. Ẹni tí kò gbóòórùn kò lè gbọ́ ìkìlọ̀ yẹn. Mo bi í pé níbo ni sílíńdà wà. Ó ní ó wà nínú kíṣìnì, lẹ́bàá ilẹ̀kùn yàrá màmá gan-an, màmá nìkan ló sì máa ń dá wà nílé láti àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Mo ní kó pe ọkọ rẹ̀ lórí fóònù níbi tó dúró sí yẹn, kí wọ́n gbé sílíńdà náà bọ́ síta kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ó pè é lójú gbogbo wa.